Bọ́ọ̀lù Tó Wọlé Létí Òkun

Tí irọ́ bá wọ inú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, kí ahọ́n mi wú títí tí ẹnu mi ò fi ní lè pa dé mọ́. Ṣé ẹ gbọ́? Ẹ sún díẹ̀, kí n ráyè jókòó.

Ihò gọ́ọ̀fù kan ṣoṣo ló kù ká gbá bọ́ọ̀lù sí. Òkun ń pariwo lápá ọ̀tún wa bí ọjà tí iná ń jó, báàgì ọ̀pá tó wà léjìká mi sì wúwo ju màlúù tó lóyún lọ. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, wẹ́dà tí gbogbo yín mọ̀ yìí, dúró lórí koríko pẹ̀lú ṣòkòtò funfun báláú, ó ti gbé ọ̀pá sókè. Àsíá yẹ́lò kan ń fẹ́ lẹ́lẹ́ níbi tí ihò wà. Ìgbà yẹn ni mo rí obìnrin kan tó ń bọ̀ lórí iyanrìn, tó fi bàtà sọ́wọ́. Bó ṣe ń rìn ni mo fi mọ̀ ọ́n.

Mo ní, "Bùrọ̀dá, ẹ tètè gbá a. Wàhálà ń bọ̀."

"Wàhálà wo?"

"Ìyàwó yín."

Ó rọra sọ ọ̀pá kalẹ̀. "Ta ló sọ fún un?"

Èmi kọ́ o. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Ó dáa, èmi ni. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé géètì kan la fẹ́ lọ jó létí òkun. Ó wo ṣòkòtò ọkọ rẹ̀, ó ní, "Láti ìgbà wo ni wọ́n ti ń wọ funfun lọ jó irin?" Kí ni kí n wá sọ?

Ẹ mọ ibẹ̀ yẹn. Àwọn èèyàn ń wọkọ̀ òfurufú láti ọ̀nà jíjìn wá gbá gọ́ọ̀fù níbẹ̀. Koríko rẹ̀ mọ́ débi pé eèrà ń nu ẹsẹ̀ kó tó gun orí rẹ̀. Bùrọ̀dá ló jó ọgbà irin tó yí i ká nígbà tó ṣì ń kọ́ṣẹ́. Apá òkun nìkan ni wọn ò jó irin sí. Látìgbà náà ló ti ń yọjú wò wọ́n láti ìta. Ó fi páìpù jó ọ̀pá tirẹ̀, ó ń gbá bọ́ọ̀lù ní pápá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù. Ohun tí wọ́n sì ń gbà lọ́wọ́ èèyàn kó tó wọlé gbá a lẹ́ẹ̀kan péré, ó tó ra fíríìsà. Owó fíríìsà gan-an ló sì fi san án: fíríìsà tí ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ fi pààrọ̀ ògbólógbòó tó ń ba ẹja rẹ̀ jẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi dé. Ẹ mọ ohùn rẹ̀. Tó bá kí èèyàn níbí, àdúgbò kejì á dáhùn. Lọ́jọ́ yẹn, jẹ́jẹ́ ló sọ̀rọ̀. Ẹ̀rù wá bà mí gan-an.

"Bàbá àwọn ọmọ mi. Fíríìsà mi dà?"

Bùrọ̀dá tún ọ̀pá rẹ̀ dì mú.

"Ẹja mi ń jẹrà nílé, ẹ wá ń fi owó rẹ̀ na koríko."

"Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo fẹ́ gbá a."

"Kí ló dé tí kò lè dúró di ọdún tó ń bọ̀?"

Bùrọ̀dá to ẹsẹ̀ rẹ̀ dáadáa. Ó wá ní, "Jẹ́ kí n gbá eléyìí. Lẹ́yìn náà, bó o bá ṣe fẹ́ ni kó o ṣe mí."

Ó gbá a. Bọ́ọ̀lù yẹn lọ sókè débi pé ìkùukùu yà fún un. Ó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àsíá, lápá òsì. Bùrọ̀dá ń wo òkun.

"Ibo ló bọ́ sí?" ló bi mí, ohùn rẹ̀ ò ròkè.

Látàárọ̀ ló ti ń bi mí bẹ́ẹ̀. Mo rò pé báwọn ọlọ́lá ṣe ń ṣe sí ẹni tó ń gbé báàgì wọn ni. Àmọ́ ẹ̀gbọ́n mi gbọ́. Ó wo bọ́ọ̀lù, ó wo ojú ọkọ rẹ̀.

"Àwọ̀ wo ni àsíá yẹn?"

"Pupa," ni Bùrọ̀dá wí.

Àsíá yẹ́lò yẹn náà ni o.

"Láti ìgbà wo?" ni ẹ̀gbọ́n mi bi í.

"Ó ti tó ọdún kan. Iná wẹ́dà ni. Ohun tó wà nítòsí ṣì ń hàn sí mi, èyí tó jìnnà ti di kùrukùru. Dókítà ní díẹ̀ tó kù yìí náà ń lọ."

"Ẹ ò sì sọ fún mi."

"Tí mo bá sọ, o ò ní jẹ́ kí n fọwọ́ kan iná mọ́. Kí la ó máa jẹ?"

Mo ti sá sẹ́yìn báàgì, torí bàtà ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi. Ṣùgbọ́n ńṣe ló jù ú sílẹ̀. Ó di ọkọ rẹ̀ lápá mú, ó mú un dé ìdí bọ́ọ̀lù.

"Ẹ yíjú síbí. Bó ṣe jìn láti ẹnu ọ̀nà yàrá wa sí orí bẹ́ẹ̀dì, ibẹ̀ gan-an ni ihò wà."

Bùrọ̀dá fi ọ̀pá ta á pẹ́ẹ́. Ó yí, ó ń yí, ó dúró. Ó ku ìbú ọwọ́ kan péré kó dé ihò. Mo la ẹnu. Ẹ̀gbọ́n mi wò mí, mo pa á dé. Ó wúkọ́ gidi, ó sì fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ tì í díẹ̀.

Ó dún kó nínú ihò.

"Ó wọlé," ló wí.

Bùrọ̀dá jókòó sórí koríko olówó iyebíye yẹn, ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń dà lójú rẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ fíríìsà ò tíì tán o," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Iná wẹ́dà ló tán. Lọ́la, èmi pẹ̀lú yín la jọ ń lọ rí dókítà yẹn."

"Èyí ni pé bọ́ọ̀lù yẹn ò wọlé," ni fọganáísà tá a jókòó sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wí.

"Ó wọlé. Ojú mi ló ṣe."

"O ṣẹ̀ṣẹ̀ ní ẹsẹ̀ ló fi tì í ni."

"Ẹsẹ̀ ta? Ta ló dárúkọ ẹsẹ̀ níbí? Ẹ rọra, àwọn ló ń bọ̀ yẹn."

Gbogbo wọn bojú wẹ̀yìn. Ẹ̀gbọ́n mi di ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú, wọ́n ń rọra bọ̀. Fọganáísà nu ọwọ́ rẹ̀, ó dìde.

"Bùrọ̀dá, ẹ kú oríire. A gbọ́ pé ẹ gbá a wọlé."

Fọganáísà wá sọ ọ́ sí mi létí jẹ́jẹ́. "Ìwọ, gbéra ńlẹ̀. Máa lọ sílé kó o tó ba ọ̀rọ̀ jẹ́."