Báàgì Tí Nàbílà Gbé Lọ sí Gálílì

"Ẹ má fọwọ́ kàn án!"

Nàbílà fa báàgì ilé-ìwé rẹ̀ mọ́ àyà, ó fẹ̀yìn ti ògiri pálọ̀. Ọwọ́ tí Zipporah nà kò mọ ibi tí yóò gbà padà. Kí ló tún dé o? Ó kàn fẹ́ bá ọmọ gbé ẹrù ni. Báàgì náà kún dé ẹnu, síìpù rẹ̀ sì fẹ́ já.

"Kí ló wà nínú ẹ̀ tó tó báyìí?"

"Nǹkan ni."

"Nǹkan wo? Ta ló ń gbé báàgì lọ sí Gálílì, Nàbílà? Oúnjẹ ti wà nínú kúlà, omi wà níbẹ̀, bọ́ọ̀lù yín ti wà lọ́wọ́ Dádì."

Ọmọ ọdún mẹ́fà náà tún fa okùn báàgì mọ́ra. Ó ti fúnra rẹ̀ wẹ̀, ó ti para, ó ti wọ bàtà, bẹ́ẹ̀ aago méje kò tíì lù.

Ọjọ́ Ajé Àjíǹde ni, ọjọ́ tí àwọn ìjọ máa ń kó jáde lọ ṣe fàájì níta, tí wọ́n ń pè ní lílọ sí Gálílì. Gálílì ti ìjọ wọn ní Lokongoma kì í dúró lójú kan. Lọ́dún tó kọjá, pápá ilé-ìwé kan ní Felele ni Gálílì. Lọ́dún yìí, àwọn àgbà ìjọ ti gbé e lọ sétí Odò Ọya, téèyàn bá kọjá ọjà Kpata díẹ̀, lábẹ́ igi máńgòrò. Ìrẹsì ni, ẹran adìyẹ tó ṣẹ́kù lánàá, orin, àti eré àwọn ọ̀dọ́. Kò sóhun tó gba báàgì níbẹ̀.

Bí kì í bá ṣe ti obìnrin wẹ́fíà, Zipporah ì bá ti fi ọ̀rọ̀ náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọ̀la ni Ìyáàfin Bọ́sẹ̀dé ń bọ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba tó mú Nàbílà wá fún wọn ní oṣù méje sẹ́yìn, lẹ́yìn tí ìyá ọmọ náà kú sílé ìwòsàn, tí ẹbí kankan kò sì yọjú láti abúlé wọn ní Oworo. Lọ́la, Ìyáàfin Bọ́sẹ̀dé yóò lé gbogbo àgbà jáde ní pálọ̀, yóò jókòó ti Nàbílà, yóò sì bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo: ṣé o fẹ́ máa gbé níbí? Èsì tí ọmọ bá fọ̀ ni yóò kọ ránṣẹ́ sí kóòtù. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni Zipporah àti Obed ọkọ rẹ̀ fi wá ọmọ. Gbogbo rẹ̀ wá kù sẹ́nu ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ káyín iwájú.

Ọmọ náà sì rèé, ó ti di ẹrù rẹ̀.

Zipporah wọ yàrá ọmọ náà lọ wò ó, ọ̀rọ̀ sì tún wá dojú rú. Aṣọ Nàbílà pé nínú dúrọ́ọ̀, kò mú ẹyọ kan. Ẹni tó ń lọ, ṣé kì í kó aṣọ ni? Bẹ́ẹ̀dì ti di títẹ́, ó gún régé, bẹ́ẹ̀ Nàbílà kì í tẹ́ bẹ́ẹ̀dì àfi téèyàn bá pariwo. Ìrọ̀rí méjì ló wà lórí ẹ̀. Méjì! Èkejì, ti àga pálọ̀ ni. Zipporah gbé e sókè, ó wo abẹ́ rẹ̀, kò rí nǹkan kan, ó gbé e padà sílẹ̀.

"Dádì, ọmọ yìí fẹ́ lọ," ló sọ fún Obed lẹ́yìnkùlé, níbi tó ti ń fi okùn di kúlà.

"Lọ síbo?"

"Ṣé mo mọ̀ ni? Lánàá, nígbà tí a jáde ní sọ́ọ̀ṣì, ó bi mí bóyá Gálílì jìn. Ó tún ní tí a bá ń padà bọ̀, ṣé àyè á wà nínú bọ́ọ̀sì. Irú ìbéèrè wo nìyẹn?"

"Ìbéèrè ọmọdé ni. Zipporah, jẹ́ kó gbé báàgì ẹ̀."

Ó rọrùn fún un láti sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì tí Nàbílà dé ló ti ń pe Obed ní Dádì, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ ọ. Zipporah, Àǹtí ni. Òun tó ń di irun, òun tó ń fọ aṣọ, òun tó ń jókòó tì í nígbà ibà, Àǹtí láàárọ̀, Àǹtí lálẹ́. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí, ṣùgbọ́n ó ń dùn ún wọ akínyẹmí ara.

Ohun mìíràn tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni Ìyá Bàsítì, ẹlẹ́ja kan ní Kpata. Lọ́jọ́ Sátidé, obìnrin náà gbọ́ ohùn Nàbílà, ló bá bú sẹ́rìn-ín, ló bá kí i, "Ọ̀kún o, ọmọ wa!" Àwọn méjèèjì fi èdè Oworo sọ̀rọ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín, Nàbílà rẹ́rìn-ín bí kò ṣe rẹ́rìn-ín nílé rí. Zipporah, tó jẹ́ ará Yàgbà, gbọ́ díẹ̀, kò gbọ́ gbogbo ẹ̀. Ọmọ wa! Bí ọmọ bá fẹ́ sá, ṣé kì í ṣe ọ̀dọ̀ ẹni tó ń sọ èdè ìyá rẹ̀ ni yóò sá lọ?

Nínú bọ́ọ̀sì ìjọ, àwọn obìnrin ń kọrin, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Nàbílà gbé báàgì lé ẹsẹ̀, ó ń wo ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n dé Kpata, tí ọkọ̀ ń rọra gba àárín àwọn kẹ̀kẹ́ kọjá, Zipporah di ọwọ́ ọmọ mú gírígírí. Ìyá Bàsítì wà nídìí ẹja rẹ̀ lóòótọ́, ó ń lé eṣinṣin. Nàbílà rí i, ó juwọ́ sí i lẹ́ẹ̀kan péré, ó sì tún kọjú síwájú.

"Àǹtí, ṣé ó ti kù díẹ̀?"

Tóò. Kì í ṣe ti ẹlẹ́ja nìyẹn. Ti ta wá ni? Ọ̀rọ̀ náà rú u lójú ju ti àárọ̀ lọ.

Omi ti fà sẹ́yìn, iyanrìn sì fẹ̀ létí odò. Wọ́n tẹ́ ẹní. Àwọn ọmọdé sáré tẹ̀lé bọ́ọ̀lù. Nàbílà kò ṣeré. Ó ń lọ láti orí ẹní kan dé orí ẹní kejì, báàgì lẹ́yìn, ó ń wo ojú àwọn obìnrin ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó wo ojú ìyá ẹgbẹ́ akọrin. Ó dé ọ̀dọ̀ ẹnì kan tó fi gèlè bojú sùn, ó sì rọra ṣí gèlè náà wò.

"Ọmọ yìí, ta lò ń wá?" ni obìnrin náà bi í.

Nàbílà ní kí wọ́n má bínú, ó bọ́ sórí ẹní tó kàn. Zipporah dì í lọ́wọ́ mú, ó ń bá a rìn káàkiri bí ẹni tó sọ kọ́kọ́rọ́ nù. Kò mọ ohun tí wọ́n ń wá, kò sì lè dúró.

Ìgbà náà ni àwọn ọ̀dọ́ bẹ̀rẹ̀ eré wọn. Ọkọ̀ ojú omi kan yọ, apẹja kan ń wà á. Ẹni tó dúró láàárín rẹ̀ wọ aṣọ funfun balẹ̀, ó lẹ irun dúdú mọ́ àgbọ̀n. Olúṣínà tó ń tẹ dùùrù ní sọ́ọ̀ṣì ni. Gbogbo àgbà ló mọ̀ pé Olúṣínà ni. Àwọn ọmọdé pariwo, "Jésù! Jésù ti dé!" Ó sọ̀kalẹ̀ sínú omi, ó gba máíkì, ó gbé ọwọ́ sókè, ó ní àlàáfíà fún gbogbo wọn.

Nàbílà já ọwọ́ gbà. Ó sáré, báàgì ń lù ú lẹ́yìn, títí ó fi wọ omi dé kókósẹ̀. Ó kúnlẹ̀ síbẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ sà. Ìyá mi dà?"

Olúṣínà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, máíkì lọ́wọ́. "Ta ni?"

"Ìyá mi. Àǹtí ní ọ̀dọ̀ yín ló wà."

Ẹ̀rọ gbé ohùn náà káàkiri etí odò. Àwọn kan kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà wọ́n yíjú sí ọmọ náà. Olúṣínà ń wá ojú Zipporah láàárín èrò. Jésù ọjọ́ náà pa máíkì.

Yéè! Ilé ìdáná ni Zipporah wà lọ́jọ́ tó sọ ọ́, ọjọ́ kẹta tí ọmọ dé. Ó ń ro ọbẹ̀ nígbà tí Nàbílà bi í pé níbo ni ìyá òun wà. "Ó ti lọ sọ́dọ̀ Jésù," ló wí, kò tiẹ̀ yíjú, nítorí ẹ̀rù ọ̀rọ̀ yòókù ń bà á. Kò padà sí i mọ́. Ẹyin lọ̀rọ̀, wọ́n ní bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Tirẹ̀ kò fọ́. Ọmọ gbé e, ó ń sàba lé e láti oṣù méje. Lánàá ni Pásítọ̀ wá wí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta lórí àga ìwàásù pé Jésù ti ṣáájú lọ sí Gálílì, pé ibẹ̀ ló ti ń retí wa lọ́la. Àjíǹde àkọ́kọ́ tí Nàbílà ṣe ní sọ́ọ̀ṣì láyé rèé. Ta ló sọ fún un pé orúkọ lásán ni Gálílì? Ìṣirò rẹ̀ pé pérépéré.

Zipporah wọ omi tòun ti bàtà, ó gbé ọmọ, ó gbé báàgì mọ́ ọn, ó lọ sídìí máńgòrò kan tó jìnnà sí èrò. Obed dìde láti tẹ̀lé wọn. Ó wo ojú ìyàwó rẹ̀, ó tún jókòó.

"Nàbílà, ìyá rẹ kú."

"Mo mọ̀." Ọmọ náà ń wo odò. "Jésù náà kú. Ọjọ́ mẹ́ta ni, Pásítọ̀ sọ bẹ́ẹ̀."

Kí ni kó wí sí èyí? Lánàá yìí ló fi gbogbo ohùn kọ ọ́ lórin pé òkú yóò jí. Ó gbà á gbọ́. Ó ṣì gbà á gbọ́ níbi tó jókòó sí. Ṣùgbọ́n báwo lèèyàn ṣe ń fi ìyẹn dá ọmọ tó ń wo ọ̀nà lóhùn? Gbogbo ohun tí wọ́n ti kọ́ Zipporah láti kékeré dà pọ̀ mọ́ra wọn lórí ẹ̀.

"Kò ní wá lónìí," ló sọ níkẹyìn.

"Lọ́la ńkọ́?"

"Lọ́la náà, kò ní wá. A ò ní rí i mọ́ ní ayé yìí. Èmi ni mi ò là á yé ọ. Má bínú, ọmọ mi."

Ẹkún náà kò tètè dé. Nígbà tó dé, gbogbo ara lọmọ fi sun ún. Zipporah náà ń sunkún, ó dì í mọ́ra, ó ń wí pé pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́, títí ẹnu fi rẹ̀ ẹ́. Lọ́la, Ìyáàfin Bọ́sẹ̀dé á béèrè, ọmọ á sì ní obìnrin yìí purọ́ fún mi. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ fà á.

Nígbà tó yá, Nàbílà fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. Ó fa báàgì sáàárín ẹsẹ̀, ó ṣí i fúnra rẹ̀. Ìró aláwọ̀ ewé tí Zipporah ti ń wá láti àná ló kọ́kọ́ yọ, ó ti ká a dáadáa. "Òtútù máa ń mú un," ni Nàbílà wí. Sílípáàsì Zipporah kan tẹ̀lé e. "Mi ò mọ̀ bóyá ó ní bàtà." Lẹ́yìn náà, itan adìyẹ nínú ọ̀rá, èyí tí wọ́n fún un lánàá tó ní òun ti jẹ. Ó ti ń kan díẹ̀díẹ̀.

Zipporah tú báàgì náà dé ìsàlẹ̀. Kò sí aṣọ ọmọdé kankan níbẹ̀.

"O ò kó aṣọ tìẹ?"

Nàbílà wò ó bí ẹni tí ìbéèrè náà kò yé. "Kí n kó o lọ síbo? Mo fẹ́ mú un wálé ni. Mo ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún un."

"Wá sílé wo?"

"Ilé wa."

Lọ́hùn-ún, Olúṣínà ti bọ́ irùngbọ̀n sílẹ̀, ó ń fi aṣọ funfun gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú àwọn ọmọdé. Zipporah ń wo Nàbílà. Àyè ìyá kò ṣófo nínú ọmọ yìí; ẹnì kan wà níbẹ̀, òtútù ń mú un, bóyá kò tiẹ̀ ní bàtà. Ti bàbá ló ṣófo, ìyẹn ni Obed fi rí ibi jókòó kíákíá. Zipporah rò ó, ó tún un rò, Àǹtí tí ọmọ ń pè é kò sì dùn ún mọ́ bó ṣe ń dùn ún tẹ́lẹ̀.

"Ṣé kí n dá ìrọ̀rí pálọ̀ padà?" ni Nàbílà bi í.

"Fi í sílẹ̀ níbẹ̀."

Wọ́n ká ìró, wọ́n kó sílípáàsì padà sínú báàgì. Itan adìyẹ, wọ́n jù ú sódò fún ẹja. Obed ń juwọ́ sí wọn pé ìrẹsì ti ń tutù. Nàbílà dìde, ó gbọn iyanrìn kúrò lórúnkún, ó na báàgì náà sí Zipporah.

"Àǹtí, ẹ bá mi gbé e. Ó wúwo."

Zipporah gbà á, ó gbé e kọ́ èjìká. Lóòótọ́ ni, ó wúwo.