Ibi Tó Ti Ń Dùn Mí

Jẹ́ẹ̀lì tútù náà kan èjìká Abọ́sẹ̀dé, ó sì ta gìrì lórí àga. Àràmídé, ọmọbìnrin tó fẹ́ yẹ èjìká náà wò, rẹ́rìn-ín.

"Sorry, Auntie. Kì í gbóná rárá."

Abọ́sẹ̀dé ti bá irú ẹ̀rọ scan yìí pàdé rí, àmọ́ nígbà tó lóyún Ọpẹ́olúwa ni. Àfi bó ṣe sọ fún Sister Títílọlá ní ṣọ́ọ̀ṣì pé òun ń lọ ṣe scan ní Woolwich, tí ìyẹn la ẹnu sílẹ̀, tó ń wo ikùn rẹ̀. Obìnrin tó ti lé lẹ́ni àádọ́ta ọdún!

Ní ìlú òyìnbó tó ń gbé, àwọn arúgbó ló ń tọ́jú nílé wọn. Bàbá kan ní Belvedere yọ̀ nínú bálùwẹ̀, Abọ́sẹ̀dé sì fi ọwọ́ ọ̀tún gbá a mú. Bàbá ò ṣubú, àmọ́ láti ọjọ́ náà, Abọ́sẹ̀dé ò lè gbé ife dé orí kọ́bọ́ọ̀dù mọ́. Dókítà pè é lórí fóònù, ó bi í pé báwo ni apá. Ó ní, "I'm strong, Doctor."

Kò sẹ́ni tí ìyẹn ò yé ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Ẹni tó bá ní òun strong, orí ibùsùn ló wà; kò kàn fẹ́ fi ẹnu ara rẹ̀ pe àìsàn ni. Òyìnbó ni dókítà ní tiẹ̀. Ó bá a yọ̀, ó sì gbé fóònù sílẹ̀. Bí oṣù mélòó kan ṣe wọ́ lọ nìyẹn, kí wọ́n tó ní kó wá ṣe scan.

Kì í ṣe iṣẹ́ ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn jù. Ọpẹ́olúwa máa bímọ lóṣù tó ń bọ̀, ọmọ àkọ́kọ́, Abọ́sẹ̀dé ló sì yẹ kó máa wẹ ọmọ náà: kó fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọ̀ ọ́, kó nà án lápá, kó nà án lẹ́sẹ̀, kó jù ú sókè kó sì gbá a mú. Ìyá àgbà wo ló ń fi apá kan wẹ ọmọ? Tí iṣan bá ti já, wọ́n á ṣe iṣẹ́ abẹ, ọmọ á sì ti máa rá kí apá tó padà bọ̀ sípò.

"Ṣé ó ń dùn yín níbí, Auntie?"

"I'm strong, my dear."

Àràmídé dáwọ́ dúró. Thamesmead ni wọ́n bí i sí, àmọ́ inú ilé Yorùbá ló dàgbà sí. "Bí mummy mi náà ṣe máa ń sọ nìyẹn. Tí wọ́n bá ti sọ ọ́ báyìí, a ti mọ̀ pé ká call dókítà GP wọn."

Ojú ti Abọ́sẹ̀dé díẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín.

"Ẹ gbé apá yín sókè, slowly. Màá máa wo iṣan yẹn bó ṣe ń move. Ibi tó bá ti dùn yín, ẹ sọ, kí n lè check ibẹ̀ dáadáa."

Ó gbé e. Bí apá ṣe dọ́gba pẹ̀lú èjìká, ìrora gún un. Ó deyín mọ́ ọn, ó ń gbé e lọ.

"Auntie, mo rí i. Ó há níbẹ̀ yẹn. Ẹ ò sì sọ nǹkan kan."

Abọ́sẹ̀dé wo ojú ẹ̀rọ, níbi tí iṣan rẹ̀ ti nà bí ìlà funfun tí òjìji dúdú bà lé. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Òun gan-an ló sì máa ń pa òwe yẹn fún àwọn ẹlòmíì.

"Ó ń dùn mí," ló wí. "Níbí yìí. Ó ń dùn mí gan-an."

"Thank you, Auntie." Àràmídé wo ibẹ̀ pẹ́. "Kò já. Ó ya díẹ̀ lábẹ́ ni. No surgery. Exercise ló máa ṣe é, ẹ sì gbọ́dọ̀ ṣe é o."

"Ṣé mo lè wẹ ọmọ-ọmọ mi lóṣù tó ń bọ̀?"

"Ẹ lè wẹ̀ ẹ́. Ẹ má kàn jù ú sókè for now."

Abọ́sẹ̀dé rẹ́rìn-ín títí èjìká fi dùn ún, ó sì sọ pé ó dùn òun.

Inú rẹ̀ dùn débi pé òkè bọ́ọ̀sì alájà méjì ló lọ jókòó sí. Wọ́n ti ń sún mọ́ Thamesmead nígbà tí Ọpẹ́olúwa pè.

"Mummy, kí ni wọ́n sọ?"

Ìdáhùn tó ti mọ́ ọn lára ti dé ètè rẹ̀. Ó gbé e mì. "Ó ń dùn mí, ọmọ mi. Ó ti pẹ́ tó ti ń dùn mí. Àmọ́ kò já, ó máa san."

"Mummy, èmi náà. Ẹ̀yìn mi ń dùn mí, mi ò sùn since Sunday. Ẹ̀rù sì ń bà mí. Mi ò fẹ́ kí ẹ sọ pé mi ò ní faith."

Lójoojúmọ́ ló ń pe ọmọ yìí, tó ń béèrè àlàáfíà rẹ̀. Lójoojúmọ́ ni ọmọ ń dá a lóhùn pé òun strong, tí ìyá ń dúpẹ́, tó ń gbé fóònù sílẹ̀. Abọ́sẹ̀dé gbé fóònù náà mọ́ etí dáadáa.

"Níbo gan-an ló ti ń dùn ẹ́?" ló béèrè, ó sì jẹ́ kó sọ ọ́ tán.