Edé Tó Ń Yìnbọn Nílé Oníṣègùn Eyín

1.

…bó ṣe gbé àga gígùn náà lọ sẹ́yìnkùlé nìyẹn láì bi ẹnikẹ́ni, tó gbé àpótí gíláàsì ńlá sí ipò rẹ̀, tó da omi iyọ̀ sí i, tó to òkúta sí i, tó sì dúró síwájú rẹ̀ bí ọkọ ìyàwó tó ń retí kí wọ́n ya òun ní fọ́tò.

Àga náà, ìyá ìyàwó rẹ̀ ló fi sílẹ̀ kó tó kú.

Òjò rọ̀ lé e lórí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an.

Oníṣègùn eyín ni ọkùnrin yìí. Dókítà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ìyàwó rẹ̀ ló ń jókòó sídìí tábìlì iwájú nínú yàrá ìdúró, tó ń gba àwọn aláìsàn, tó ń fi ọ̀rọ̀ dídùn tu àwọn tó fẹ́ sá lọ nínú. Òkè ilé ìwòsàn náà ni wọ́n ń gbé. Ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí, ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n sì fi ń gbé e láti ọdún yìí wá.

Láti ìrọ̀lẹ́ òjò yẹn, ìyàwó ò bá ọkọ sọ̀rọ̀ mọ́. Ó tún búra pé òun ò ní tẹsẹ̀ bọ yàrá iṣẹ́ rẹ̀.

2.

Kí ló dé tó fi ra àpótí gíláàsì náà?

Nítorí ẹja kan. Ó rí i ní ìsọ̀ ọlọ́jà ẹja: ẹja tẹ́ẹ́rẹ́ onílà búlúù, tó wọ ẹnu ẹja tó jù ú lọ, tó ń ṣa ìdọ̀tí ẹnu rẹ̀ jẹ. Ẹja ńlá náà la ẹnu sílẹ̀ gbayawu. Kò mira. Kò pe orúkọ ìyá rẹ̀. Kò bu ẹnikẹ́ni jẹ lọ́wọ́.

Omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú Dókítà.

Ó ní bí àwọn aláìsàn òun bá lè máa wo nǹkan yìí kí wọ́n tó wọlé, ayé òun dára nìyẹn.

Ọlọ́jà ní ẹja yẹn kì í gbé láìsí iyùn. Kì í ṣe iyùn tí à ń sín sọ́rùn o. Iyùn tó wà láàyè, tó ń jẹun, tó ń kọ́ òkúta yí ara rẹ̀ ká bí onílé tí ilé kíkọ́ ò sú. Òmíràn pupa, òmíràn bí ewé, òmíràn ní àwọ̀ elésè àlùkò. "Ẹja inú òkun tó bá mọyì ara rẹ̀," ni ọlọ́jà wí, "ìdí iyùn ló ń háyà yàrá sí."

3.

(Ara ògiri yàrá ìdúró.)

ÌKÉDE
Ẹ má fọwọ́ kan gíláàsì. Ẹ má fún ẹja ní búrẹ́dì.
— Dókítà

ÌKÉDE
Àga ò tó. Ẹni tó bá rẹ̀, kó lọ jókòó lẹ́yìnkùlé. Àga gidi kan wà níbẹ̀. Ó kàn tutù díẹ̀ ni.
— Tábìlì Iwájú

ÌKÉDE
Ìkéde òkè yìí ò ti ọ̀dọ̀ aláṣẹ wá.
— Dókítà

ÌKÉDE
Aláṣẹ wo?
— Tábìlì Iwájú

Lábẹ́ gbogbo rẹ̀, ẹnì kan fi báírò pupa kọ ọ́ pé: *Èrò dára. Àmì ohùn ò pé. Ẹ tún un kọ.*

Tíṣà Àgbà ló kọ ìyẹn. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ṣùgbọ́n báírò rẹ̀ ò tíì fẹ̀yìn tì. Eyín ẹ̀yìn kan ló ń dà á láàmú, nítorí náà ó ń wá lemọ́lemọ́.

4.

(Lórí fóònù. Àkọ́bí wọn obìnrin, tó wà níléèwé nílùú mìíràn.)

ÀKỌ́BÍ: Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bẹ Mọ́mì.
DÁDÌ: Mo ti bẹ̀ ẹ́.
ÀKỌ́BÍ: Báwo lẹ ṣe bẹ̀ wọ́n?
DÁDÌ: Mo kọ ẹ̀bẹ̀, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri.

5.

PÁ!

6.

Gbogbo yàrá ìdúró dọ̀bálẹ̀. Àwọn tí orúnkún ń dùn gan-an dọ̀bálẹ̀.

Nínú yàrá iṣẹ́, obìnrin kan tí Dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ gún lábẹ́rẹ́ fò sókè lórí àga. Ó sá gba ẹnu ọ̀nà jáde sí títì, tòun ti aṣọ tí wọ́n so mọ́ ọn lọ́rùn. Ó fẹ́ pariwo "ìbọn," ṣùgbọ́n ìdajì ẹnu rẹ̀ ti kú. "Ìhọ̀n!" ló ń ké. "Ìhọ̀n o!" Àwọn ará àdúgbò rò pé orúkọ ọmọ rẹ̀ ni. Wọ́n bá a wá ọmọ náà kiri.

Dókítà yẹ ìlẹ̀kùn wò. Ó yẹ gílóòbù wò. Ó yẹ abẹ́ àga wò.

PÁ!

Ó wọ yàrá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, níbi tí ojú iná gbogbo wà. Ó pa fáànù. Ó pa rédíò. Ó pa ẹ̀rọ kan tó ń kùn lábẹ́ àpótí gíláàsì bí ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè. Gbogbo ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Ó wá padà wá, ó lẹ etí mọ́ gíláàsì.

PÁ!

Ó fò sẹ́yìn, ó jókòó lé Tíṣà Àgbà lẹ́sẹ̀.

7.

(Ohun tí wọ́n bára wọn sọ lórí fóònù.)

DÓKÍTÀ: Ohun kan ń yìnbọn nínú omi mi.
ỌLỌ́JÀ ẸJA: Háà! Ẹ kú oríire.
DÓKÍTÀ: Oríire kẹ̀?
ỌLỌ́JÀ ẸJA: Edé ni. Inú òkúta iyùn ló sá pamọ́ sí tẹ́ ẹ fi gbé e lọ. Ọwọ́ rẹ̀ kan tóbi ju èkejì lọ. Tó bá pa á dé kíá, omi á dún gbàù. Ohun tó bá fẹ́ pa jẹ á dákú.
DÓKÍTÀ: Ẹ wá mú un.
ỌLỌ́JÀ ẸJA: Ẹ̀rù ló ń bà á, sà. Kò ríran dáadáa.
DÓKÍTÀ: Aláìsàn mi sá lọ!
ỌLỌ́JÀ ẸJA: Ṣé òun náà ò ríran dáadáa ni?

8.

Ohun tí Dókítà ò mọ̀:

Ìyàwó rẹ̀ ti rí edé náà tipẹ́. Ẹni tó bá jókòó síwájú àpótí láti àárọ̀ dalẹ́, tí kò sì bá ẹnikẹ́ni nílé sọ̀rọ̀, yóò rí nǹkan.

Edé náà ń gbẹ́ ihò sábẹ́ iyùn. Ó ń kó yanrìn jáde bí lébírà. Ẹja kékeré kan dúró sẹ́nu ihò, ó ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì. Ìrùngbọ̀n edé ò kúrò lára ẹja náà rí. Bí ẹja bá gbọn ìrù báyìí, pẹ́ẹ́, àwọn méjèèjì á kó wọlé. Èkíní ń gbẹ́lẹ̀ fún èkejì. Èkejì ń ríran fún èkíní.

Ìyàwó sọ edé ní Ṣọ́jà. Ó sọ ẹja ní Ọlọ́dẹ.

Ó ń rẹ́rìn-ín lóun nìkan. Bí ọkọ rẹ̀ bá yọjú, á ká ẹ̀rín náà bí aṣọ, á fi sí dúrọ́ọ̀.

9.

Ẹ̀rọ tó ń kùn lábẹ́ àpótí, òun ló ń mú omi tutù.

Dókítà ò rántí tàn án padà.

10.

ÌKÉDE PÀTÀKÌ
Ẹ wá wo iyùn wa! Nígbà tó dé, ó ní àwọ̀ oríṣiríṣi bí eyín ẹni tí kò fọnu. Ẹ wò ó báyìí: funfun báláú! Bẹ́ẹ̀ ni eyín tiyín náà yóò ṣe rí.
— Dókítà

11.

Inú Dókítà dùn débi pé ó ń súfèé. Ojoojúmọ́ ni iyùn ń funfun sí i. Kété tó bá ti fọ ọwọ́ tán, á lọ dúró tì í. Á wo iyùn, á wo eyín ara rẹ̀ nínú gíláàsì, á mi orí.

Kò ka ìkéde tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. Ó ti búra pé òun ò ní ka ìkéde Tábìlì Iwájú mọ́ láyé, láti ọjọ́ tí ọ̀kan nínú wọn ti sọ ọ́ sójú gbogbo ènìyàn pé:

Ẹni tó ń tún ẹnu aráyé ṣe, kó tún tirẹ̀ ṣe kó fi bẹ ènìyàn.

Ìkéde tí kò kà ni èyí:

ÌKÉDE
Omi ti gbóná. Iyùn ń ṣàìsàn. Mo pe ọlọ́jà. Ó ní kí wọ́n lọ wo ẹ̀rọ.
— Tábìlì Iwájú

Ó fi kún un lọ́jọ́ kejì: *KÍÁ*.

Lọ́jọ́ kẹta: *ẸNI TÍ MÒ Ń BÁ WÍ MỌ ARA RẸ̀*.

12.

(Nínú yàrá iṣẹ́. Tíṣà Àgbà wà lórí àga, owú kún ẹnu rẹ̀.)

TÍṢÀ ÀGBÀ: Ii-hùn.
DÓKÍTÀ: Ẹ pẹ̀lẹ́, sà. Ó ti ń parí lọ.
TÍṢÀ ÀGBÀ: Ii-hùn ń hàì-hàn!
DÓKÍTÀ: Ó ń dùn yín?
TÍṢÀ ÀGBÀ: (Ó gbá ọwọ́ mọ́ apá àga.)
DÓKÍTÀ: Ẹ jẹ́ kí n fi abẹ́rẹ́ kan kún un.
TÍṢÀ ÀGBÀ: (Ó yọ báírò pupa. Ó kọ̀wé sára aṣọ tó wà lọ́rùn rẹ̀: LỌ KA ÌKÉDE ÌYÀWÓ RẸ.)
DÓKÍTÀ: Mo ti búra, sà.
TÍṢÀ ÀGBÀ: (Ó fa ìlà sábẹ́ LỌ.)

13.

Ìlẹ̀kùn ṣí.

14.

Ìyàwó rẹ̀ dúró sí ẹnu ọ̀nà. Ó wo ilẹ̀ yàrá iṣẹ́ náà bí ẹni tó fẹ́ sọdá odò. Ó gbé ẹsẹ̀ kan wọlé. Ó gbé èkejì.

"Dókítà," ló wí. "Ó ń kú."

Dókítà gbàgbé ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta kan tí ìyàwó rẹ̀ ti pè é kẹ́yìn.

"Ta ló ń kú?"

"Iyùn yín."

"Ó ń funfun ni!"

"Egungun náà ń funfun."

15.

Ẹ wá wo eré. Dókítà rántí ẹ̀rọ tó pa, ó tàn án padà. Ìyàwó sá gòkè lọ sí ilé ìdáná, ó kó ìgò omi dídì wá láti inú fíríìjì. Wọ́n ń jù wọ́n sínú àpótí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí ọlọ́jà ń pariwo lórí fóònù pé, "Díẹ̀díẹ̀! Ẹ má sè é tán kẹ́ ẹ tún wá fi òtútù pa á!" Tíṣà Àgbà di ohun tí a fi ń wo ìgbóná omi mú, ó ń ké iye rẹ̀ jáde pẹ̀lú owú lẹ́nu. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ̀kan.

Ìgò kan rì. Dókítà ti ọwọ́ bọ omi láti yọ ọ́.

PÁ!

"Yéè! Ó yìn mí!"

Ìyàwó rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Kò ráyè ká a. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀gbẹ́ mú, Dókítà dúró síbẹ̀ tòun ti ìka lẹ́nu, ó ń wò ó.

"Mo rò pé àga yẹn ò ṣe nǹkan kan fún ọ mọ́," ló wí.

Ẹ̀rín tán.

"Mo mọ̀ pé ẹ rò. Ẹ ò bi mí."

"Mi ò bi ọ́."

"Orí àga yẹn ni Màámi jókòó sí tí wọ́n fi sọ fún mi pé kí n fẹ́ yín."

Dókítà ò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó wo omi. Ó wo ìka rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu rẹ̀ bí eyín tí gbòǹgbò rẹ̀ jìn.

"Má bínú."

"Mo gbọ́," ni ìyàwó rẹ̀ wí.

Dókítà mọ̀ pé "mo gbọ́" kì í ṣe "ó ti tán." Ó ti bá ìyàwó náà gbé pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

16.

(Ohùn ọlọ́jà ẹja, tó fi ránṣẹ́ sórí fóònù àwọn méjèèjì.)

"Ẹ gbọ́, iyùn yẹn ò tíì kú. Àwọ̀ tẹ́ ẹ máa ń rí lára rẹ̀, kì í ṣe tirẹ̀. Àwọn ohun tín-ín-tìn-ìn kan ló ń gbé inú ara rẹ̀ bí ayálégbé. Àwọn ló ń wá oúnjẹ fún un, òun ló ń fún wọn níbùgbé. Tí omi bá wá gbóná jù, ara á kan án, á lé wọn jáde. Ìdí nìyẹn tó ṣe funfun. Ebi ló ń pa á báyìí. Tí omi bá tutù tó sì dúró bẹ́ẹ̀, wọ́n lè padà. Mi ò ní wọ́n máa padà o. Mo ní wọ́n lè padà. Ẹ máa ṣọ́ ọ. Ẹ kú iṣẹ́."

Dókítà gbọ́ ọ nínú yàrá iṣẹ́. Ìyàwó rẹ̀ gbọ́ ọ nídìí tábìlì. Àwọn méjèèjì tún un gbọ́.

17.

(Lórí fóònù ìyàwó. Òun ló ń kọ̀wé, tó ń pa á rẹ́.)

Ẹ̀GBỌ́N MI OBÌNRIN: Mo ti tún yàrá ṣe. Mo ti ra bẹ́ẹ̀dì tuntun. Ọjọ́ wo lò ń kó ẹrù bọ̀ gan-an?

*…ó ń kọ̀wé*

*…ó ń kọ̀wé*

Ẹ̀GBỌ́N MI OBÌNRIN: Àbùrò?

*…ó ń kọ̀wé*

18.

Iyùn elésè àlùkò: funfun.

Iyùn pupa: funfun.

Iyùn aláwọ̀ ewé: funfun, àfi ìsàlẹ̀ níbì kan. Dókítà ní àwọ̀ ewé ni. Ìyàwó rẹ̀ ní òjìji ni. Wọ́n pe Tíṣà Àgbà kó wá dájọ́. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wò ó, ó yọ awò, ó nù ún, ó tún wò ó. Ó ní kí àwọn méjèèjì lọ tún un wò dáadáa.

19.

Ọ̀sán gangan. Àwọn aláìsàn ti lọ. Ọkọ àti ìyàwó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú gíláàsì, ẹnì kan níhìn-ín, ẹnì kan lọ́hùn-ún. Fóònù tábìlì dún. Dókítà na ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ohùn náà sì jáde síta fún gbogbo yàrá.

ẸNI TÓ PÈ: Ẹ káàsán. Eyín ń pa mí. Ṣé ẹ ó ṣí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀?
DÓKÍTÀ: A ó ṣí.
ẸNI TÓ PÈ: Màmá tó máa ń jókòó níwájú ńkọ́? Ẹ má bínú, sà, ẹ̀yin lẹ̀ ń bà mí lẹ́rù. Àwọn ló máa ń bá mi sọ̀rọ̀ tí mo fi ń lè wọlé. Ṣé wọ́n máa wà níbẹ̀?

Dókítà ṣí ẹnu láti dá a lóhùn. Ó pa á dé. Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀, ó ń dúró kí obìnrin náà fúnra rẹ̀ dáhùn, kò mira.

ẸNI TÓ PÈ: Ẹ ńlẹ́ o? Ṣé ẹ wà níbẹ̀?