Ife Tó Dojú Délẹ̀

"Daddy, ẹ jẹ́ kí n rí ìka yín."

Láyíwọlá na ìka sí ọmọ rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ní kó wá san owó orí. Fèyísọ́lá gún un, ẹ̀jẹ̀ kán sórí ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń yẹ ṣúgà wò. Nọ́ọ̀sì ni, ojú rẹ̀ sì yí padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ṣúgà bàbá ti lọ sílẹ̀ jù. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, òógùn bò ó níwájú orí, bẹ́ẹ̀ ilé wọn ní Garland lókè òkun tutù rinrin.

"Kí lẹ jẹ láàárọ̀ yìí?"

"Mi ò tíì jẹun. Ọjọ́ Mísà lónìí."

"And water?"

Ojú bàbá lọ sára ife tó dojú rẹ̀ délẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ síńkì láti alẹ́ àná.

"A ò lọ síbì kankan nìyẹn." Fèyísọ́lá ju kọ́kọ́rọ́ mọ́tò sápò. "I'm not picking you up off the floor of any church."

Ọ̀rọ̀ náà dun Láyíwọlá wọra. Ojú rẹ̀ kò gbé ọkọ̀ wíwà mọ́. Fèyísọ́lá ló ń gbé e lọ lọ́jọọjọ́ ìsinmi, á já a sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, á yí mọ́tò padà. Láti ìgbà tí wọ́n ti sin Mobọ́lá, ìyá Fèyísọ́lá, ọmọ náà kò wọ inú ilé Ọlọ́run mọ́.

Mísà tòní sì yàtọ̀. Ọdún mẹ́ta ni Láyíwọlá àti àwọn ará ìjọ mélòó kan ti ń bẹ Fádà wọn pé kó ṣe Mísà lédè Látìnì, bí wọ́n ti ń ṣe é láyé àtijọ́. Fádà ní ó di ọwọ́ bíṣọ́ọ̀bù. Wọ́n tọ bíṣọ́ọ̀bù lọ, wọ́n dá wọn padà, wọ́n tún lọ. Ọmọ tó bá ṣípá nìyá ẹ̀ ń gbé. Àwọn wọ̀nyí ṣípá títí apá fi ń ro wọ́n. Sharon, obìnrin òyìnbó kan tó lóhùn iyọ̀, kó akọrin jọ. Àwọn mìíràn rán aṣọ pẹpẹ. Nígbà tí àṣẹ dé fún Mísà kan ṣoṣo, wọ́n wá ẹni tí yóò kúnlẹ̀ nídìí pẹpẹ máa dá àlùfáà lóhùn, wọn ò rí ju Láyíwọlá lọ. Òun nìkan ló ti ṣe é rí, nígbà tó wà ní kékeré ní Ọ̀yọ́. Bí kò bá lọ, asán ni gbogbo rẹ̀.

"Ṣé Fádà ló ní kẹ́ ẹ má mumi?"

"Rárá. Fádà ní ààwẹ̀ wákàtí kan ṣáájú Kómúníọ̀n ti tó. Ó ní omi ò tiẹ̀ sí nínú ẹ̀, aláìsàn ò sì gbọdọ̀ gbààwẹ̀."

"So who said it?"

"Ìyá mi."

Ní gbogbo alẹ́ Sátidé ni ìyá rẹ̀ máa ń dojú ife délẹ̀ sórí ọmọrí àmù. Ilé ti mọ̀: omi ò gbọdọ̀ kan ẹnu ẹnikẹ́ni títí wọn ó fi gba Kómúníọ̀n. Kódà nígbà tí Ìjọ dín ààwẹ̀ náà kù, ìyá ní àwọn ará Róòmù ò lè wá bá òun tún ilé òun tò. Lówùúrọ̀, wọ́n á gba inú ìrì lọ, ikùn á máa kùn, òórùn tùràrí á sì pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà. Àárò òórùn yẹn kò yé sọ Láyíwọlá láti ìgbà náà.

Fèyísọ́lá jókòó tì í. "Tí ẹnì kan bá ń ṣàìsàn ńkọ́? Grandma ò ní fún un lómi?"

Ọjọ́ Àjíǹde kan nígbà èwe ló sọ sí Láyíwọlá lọ́kàn. Òun ló yẹ kó sìn nídìí pẹpẹ, ibà sì gbé e dálẹ̀. Ìyá rẹ̀ fọwọ́ kàn án lọ́rùn, ó lọ sídìí àmù, ó dojú ife sókè, ó bu omi fún un.

"Wọ́n ní, 'Mu ún. Èmi á bá ọ gba ààwẹ̀ tìrẹ,'" ni bàbá wí. "Wọn ò fẹnu kan nǹkan kan títí ilẹ̀ ọjọ́ náà fi ṣú." Omi lé ròrò sí i lójú. "Mo ti gbàgbé ẹ̀, Fèyí. Ìgbà tí wọ́n bá dojú ife délẹ̀ nìkan ni mò ń rántí."

Fèyísọ́lá mú ife ẹ̀gbẹ́ síńkì náà, ó dojú rẹ̀ sókè, ó bu omi ọsàn sí i. Bàbá mu ún tán, ó jẹ búrẹ́dì lé e. Nígbà tí wọ́n tún gún ìka rẹ̀, ṣúgà ti gòkè, ọwọ́ ò sì gbọ̀n mọ́. Ó wọ yàrá lọ múra.

Ìgbà tó jáde, ó bá ọmọ rẹ̀ nídìí síńkì. Kọfí tí Fèyísọ́lá kì í ṣàìmu láràárọ̀, ó ti dà á nù. Ó fọ ife rẹ̀, ó sì dojú rẹ̀ délẹ̀ síbi tí ti bàbá wà lánàá.

"Daddy, níbo ni ìborùn Mummy wà? Ṣebí àwọn obìnrin máa ń borí ní Mísà Látìnì yẹn."

Láyíwọlá nawọ́ sí yàrá, ó sì jókòó de ọmọ rẹ̀.