Orúkọ Tí Gẹ̀ẹ́sì Kò Ní

Láti ọjọ́ tí bírékì tírélà ti kọ̀ mọ́ Fàtáì lọ́wọ́ l'Ógèrè, tí ó sì pa ọmọdébìnrin kan tó ń kiri búrẹ́dì létí títì, ni ẹsẹ̀ èrò ti dá nílé Ṣùkúrátù, ìyàwó rẹ̀, ní Ṣàgámù. Àwọn tó máa ń yà wá mu omi kò yà mọ́. Tájù, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, wà l'Ékòó. Bí ìyá rẹ̀ bá pè é, fóònù á dún títí, á dákẹ́. Lọ́jà tí Ṣùkúrátù ti ń ta obì, Kareemat tí wọ́n jọ ń jókòó sábẹ́ ìbòòji kan náà ti gbé agbọ̀n tirẹ̀ lọ sí òdìkejì. Ó ní oòrùn ló ń pa òun. Ṣùkúrátù fi ewé tútù bo obì rẹ̀. Ó ṣáà ti gbọ́ tí ẹnìkan ń sọ fún oníbàárà pé, "Ìyàwó apànìyàn nìyẹn."

Nígbà tí wọ́n gbé Fàtáì dé kóòtù, Ṣùkúrátù nìkan ló jókòó sórí bẹ́ǹṣì nítorí rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ. Akọ̀wé ka ẹ̀sùn, ọ̀rọ̀ kan sì bà á létí bí òkò: 'manslaughter'. Ògbufọ̀ yí i sí Yorùbá fún Fàtáì pé, "Wọ́n ní o pa ọmọ." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lójú Ṣùkúrátù, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹn gùn ju ìtumọ̀ rẹ̀ lọ.

Ọmọ Ìpẹ̀rú kan tó ń jẹ́ Tómilọ́lá ló háyà yàrá iwájú nílé wọn. Gẹ̀ẹ́sì ló ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Ṣùkúrátù gbé àpótí lọ bá a lọ́dẹ̀dẹ̀.

"Tíṣà, kí ni wọ́n ń pè ní 'manslaughter'?"

"Kí èèyàn pa èèyàn láì ní in lọ́kàn ni, mà. Ó yàtọ̀ sí 'murder'. Ìyẹn, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni."

"Kí ni wọ́n ń pe ẹni tó bá ṣe é?"

"Ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ pààyàn, 'murderer' ni. Olè ni 'thief'. Ẹni tó fọ́lé ni 'burglar', ẹni tó dáná sunlé ni 'arsonist', ẹni tó jí èèyàn gbé…"

"Ti Bàbá Tájù ni mo ń bi ọ́."

"Kò sí o, mà. Ohun tó ṣe ní orúkọ. Ẹni tó ṣe é, n ò gbọ́ orúkọ tí wọ́n ń pè é rí."

Ọkàn Ṣùkúrátù fúyẹ́ díẹ̀. Lẹ́nu ọjà, ẹni tó fi àdá ṣá ọmọ ẹlòmíràn àti ẹni tí bírékì kọ̀ mọ́ lọ́wọ́, apànìyàn ni wọ́n ń pe àwọn méjèèjì. Àwọn tó ni Gẹ̀ẹ́sì ti yọ ọkọ òun sọ́tọ̀.

Ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá Fàtáì lọ́gbà ẹ̀wọ̀n tó ti ń retí ìdájọ́, bí ẹni gbé oúnjẹ gbígbóná. Fàtáì ti rù. Ó gbọ́ ọ dópin.

"O ṣé, Ìyá Tájù," ó ní. "Ṣùgbọ́n ọmọ yẹn lórúkọ. Láídé ni. Èmi ni mo gbé e kúrò lábẹ́ táyà. Ìyá rẹ̀ ń pè é, kò dáhùn."

Ṣùkúrátù fẹ́ sọ̀rọ̀. Fàtáì gbọ́wọ́ sókè.

"Má bá mi wá orúkọ kankan mọ́. Bí o bá lè ṣe é, lọ kí ìyá ọmọ náà. Èmi ò lè lọ."

Adájọ́ ti rán Fàtáì lẹ́wọ̀n ọdún mélòó kan kí Ṣùkúrátù tó lè kí ara rẹ̀ láyà. Ó wọ mọ́tò lọ sí Ògèrè, wọ́n júwe ilé náà fún un. Ìyá ọmọ náà jókòó níwájú ilé, ó fọwọ́ lẹ́rán. Ṣùkúrátù kúnlẹ̀.

"Ẹ kú ìrọ́jú, mà."

"Ta ni yín?"

"Ìyàwó awakọ̀ yẹn ni mí. Ti Láídé ni mo bá wá."

Obìnrin náà wò ó títí, omi ń dà lójú rẹ̀ láìsí ariwo.

"Ọlọ́pàá ń pè é ní òkú. Lọ́yà ń pè é ní olóògbé," ó ní. "Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ dárúkọ ọmọ mi nínú gbogbo yín. Ẹ dìde. N ò lè sọ pé mo ti dárí jì yín. N ò sì lè jókòó tì yín."

Ó wọlé, ó rọra ti ilẹ̀kùn.

Ṣùkúrátù gbọn yẹ̀pẹ̀ orúnkún rẹ̀ nù, ó rìn lọ sétí títì márosẹ̀. Àwọn tírélà ń kọjá, afẹ́fẹ́ wọn ń gbọn ìborùn rẹ̀. Nígbà tó yá, ọkọ̀ Ṣàgámù kan dúró.

"Ẹ̀yin mélòó, Màmá?" kọ̀ndọ́kítọ̀ ní.

"Èmi nìkan ni," ó ní, ó sì wọlé.