Ọjọ́ Ìbí Jikke Láìsí Omi Ẹ̀rọ

Ilé-iṣẹ́ omi kò yọ́ ọ ṣe: ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ni wọ́n ti ju ìwé sílé Jikke pé àwọn yóò ti omi àdúgbò náà pa lọ́jọ́ ìbí rẹ̀ gan-an, láti aago mẹ́sàn-án títí di mẹ́ta. Èèpo ọ̀dùnkún ni Jikke fi ìwé náà dì. Ọgọ́rin ọdún tó fẹ́ pé ló gbà á lọ́kàn.

Àfìgbà tí àlejò mọ́kànlá ti jókòó yípo ní pálọ̀, tí kálukú ti mu kọfí méjì méjì, ni Jikke ṣí ẹ̀rọ omi, tí ẹ̀rọ sì sín bí àgùntàn. Ó wá rántí ìwé náà. Omi tó kù nínú táńkì ilé ìgbẹ́ kò lè ṣàn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ! Wietske, ẹ̀gbọ́n obìnrin olóògbé ọkọ rẹ̀, sì wà níjòókòó, ẹni tó ti ń fìka yẹ eruku wò lórí ilẹ̀kùn rẹ̀ láti àádọ́ta ọdún. Bó bá gbọ́, gbogbo ìpínlẹ̀ Friesland gbọ́.

Douwe, aládùúgbò, dìde.

"Níbo nìyẹn?" Jikke bi í.

"Mo fẹ́ wo kàlẹ́ńdà ọjọ́ ìbí yín ni, Màmá." Ilé ìgbẹ́ kúkú ni wọ́n ń gbé e kọ́ nílẹ̀ wọn.

"Ọjọ́ ìbí ta lo ń wá? Tèmi lòní! Jókòó, gba kéèkì sí i."

Ẹnu ya gbogbo wọn. Ta ló ti jẹ kéèkì lẹ́ẹ̀mejì nílé Jikke rí? Douwe gba kéèkì, ó sì gbé e wọlé ìgbẹ́. Wọ́n gbọ́ tí omi dà wàà.

Ó jáde, Wietske wọlé. Ta ló tó dá a dúró?

Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó yá, ohùn kan yọ bíńtín: "Ìyàwó. Ìwọ nìkan ni kó wá o."

Jikke sún mọ́ ilẹ̀kùn. "Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé?"

"Mo fa nǹkan yìí títí, kò dá mi lóhùn. Mo ti bà á jẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́. Jọ̀ọ́, kí wọ́n má gbọ́."

Jikke la ẹnu láti jẹ́wọ́. Ó rántí ìka orí ilẹ̀kùn, ó pa ẹnu dé.

"Ọwọ́ yín ló le, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ fi í sílẹ̀ kó tó já."

Ó gba ẹ̀yìn ilé jáde, ó wọ́ aṣọ sókè dórúnkún, ó bọ́ sétí kòtò omi, ó pọn garawa kan tòun ti ewé orí omi àti ọmọ ọ̀pọ̀lọ́. Ó gbé e wọlé ìgbẹ́, ó dà á gbàà.

Wietske padà sórí àga, ojú rẹ̀ pọ́n bí tòmátì. Ó tọ́ kéèkì wò.

"Ilé ìyàwó wa yìí," ó kéde fún gbogbo ilé, "ó mọ́ tónítóní."

Jikke fi aṣọ nu ẹrẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì gé kéèkì ńlá míì fún un.