Ìyá Tó Ń Jowú Ọmọ Rẹ̀

“Ọkọ ọmọ mi, gbé áyọ́ọ̀nù yẹn sílẹ̀. Ṣé kò sí obìnrin nínú ilé yìí ni?”

“Ẹ má bínú, Mọ́mì. Apá rẹ̀ kan ló kù.”

Yúnífọ́ọ̀mù ìyàwó rẹ̀ tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ni ọkùnrin náà, tó jẹ́ awakọ̀, ń lọ̀. Ìyàwó ṣì ń sinmi ní yàrá kí àsìkò iṣẹ́ ọ̀sán tó tó. Ọjọ́ kẹta rèé tí ìyá ìyàwó ti wá kí wọn. Lánàá, ọkùnrin yìí fọ abọ́. Láàárọ̀ yìí, ó wẹ̀ fún ọmọ wọn. Ó tiẹ̀ ń súfèé sí i!

Bó ṣe gbé ọmọ jáde báyìí, ìyá já wọ yàrá, kò kan ilẹ̀kùn.

“Dìde! Ṣé ọkọ lo fẹ́ ni àbí ọmọ ọ̀dọ̀? Ṣebí mo kọ́ ẹ pé ọkọ ni olórí obìnrin?”

“Òun náà kúkú ni olórí mi, Mọ́mì. Mi ò bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́. Ó ní ó ti rẹ̀ mí jù.”

“Ta ni kì í rẹ̀? Ọjọ́ kẹrin tí mo bí ẹ ni mo ti ń fọ ṣòkòtò bàbá ẹ. Mi ò tíì lè nàró dáadáa. Ó jókòó, ó ń ka ìwé ìròyìn. Gbogbo ẹbí ní ìyàwó gidi ni mí, wọ́n ń fi mí ṣe àpẹẹrẹ. Ìwọ wá ń sùn!”

Ọmọ rẹ̀ obìnrin dìde jókòó.

“Mọ́mì, kí ni mo ṣe tó ń bí yín nínú tó báyìí?”

Ìyá yí padà, ó ti ilẹ̀kùn.

“Mò ń jowú ẹ ni. Ọmọ tí mo fi inú mi bí! Ojú ń tì mí láti sọ ọ́, àmọ́ láti ìjẹta, oúnjẹ yín ò lọ lọ́nà ọ̀fun mi.”

Ọmọ rẹ̀ sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí bẹ́ẹ̀dì. Ìyá jókòó, nígbà tó yá, ó gbé ẹsẹ̀ sókè, ó dùbúlẹ̀.

Fóònù ìyá dún. Ọkọ rẹ̀ ni.

“Ìgbà wo lò ń bọ̀? Ọbẹ̀ tó o sè sílẹ̀ ti tán.”

“Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó rẹ̀ mí, mo fẹ́ sinmi.”

“Kí ni kí n wá máa jẹ?”

“Ilé ìdáná ṣì wà níbi tó wà,” ó fèsì pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Ó pa fóònù, ó sì bi ọmọ rẹ̀ bóyá ìrọ̀rí mìíràn wà.